Ta Ni Yóò Dáhùn fún Ọmọ? Àyẹ̀wò Èrò Àwọn Onímọ̀ Àwùjọ lórí Ẹbí

Nínú àròkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ ní líìsé, gbólóhùn kan wà tí kì í wọ́n: wọn a ní ẹbí ni ìpìlẹ̀ àwùjọ. Kò sí olùkọ́ tí yóò fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ẹni tó kọ ọ́ pé ẹbí wo ló ń sọ, ọ̀rọ̀ a dàrú. « Famille » tí ó kà nínú ìwé Faransé ni bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ wọn lábẹ́ òrùlé kan. Ní èdè tí ó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀, ilé ni agbo àwọn tí wọ́n ti ara baba ńlá kan ṣẹ̀, pẹ̀lú àwọn aya tí wọ́n fẹ́ wọ ibẹ̀ àti àwọn ọmọ tí a gbà tọ́. Ẹbí sì tún gbòòrò ju ilé lọ, nítorí ó kó ti bàbá àti ti ìyá pọ̀. Ìpìlẹ̀ tí a ń wí kì í ṣe ohun kan náà ní èdè méjèèjì tí ìwé ìròyìn wa yìí ń lò.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ yẹ díẹ̀ wò nínú ìwé àwọn onímọ̀ àwùjọ lórí ẹbí, ìbáà jẹ́ ará Yúróòpù, ará Amẹ́ríkà tàbí ọmọ Yorùbá, kí a sì gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ojú wa ń rí ní agbègbè Atakpamé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a óò fi wọ́n wọn ohun tí wọ́n kọ: bí ẹbí bá pín iṣẹ́ fún olúkúlùkù, ta ni ó ń bi ẹni tí kò ṣe tirẹ̀ léèrè? A gbà pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ìwé ti fò kọjá.

Àwọn tí wọ́n ka iṣẹ́ ẹbí

Ní 1892, Émile Durkheim kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Bordeaux pé bí àwùjọ bá ṣe ń gbòòrò ni ẹbí ń súnkì. Láti orí ìdílé ńlá tí gbogbo rẹ̀ jọ ni ohun ìní, ẹbí ń dín kù títí yóò fi ku ọkọ, aya àti àwọn ọmọ tí kò tíì dàgbà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1921, ni a tó tẹ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà jáde. George Peter Murdock, ará Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn. Nínú Social Structure (1949), ó fi àwùjọ 250 wé ara wọn, ó sì ní ẹbí kékeré yìí wà níbi gbogbo, ìbáà dá dúró, ìbáà wà nínú agbo tó tóbi. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ó kà sí i lọ́rùn: ìbálòpọ̀, ọrọ̀ ajé, ọmọ bíbí àti ọmọ títọ́. Ní 1955, Talcott Parsons àti Robert Bales pín iṣẹ́ láàárín tọkọtaya: ọkọ ni yóò jáde lọ wá ohun tí ilé yóò jẹ, aya ni yóò máa tu ará ilé nínú.

Bí ará Atakpamé bá ka Parsons, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ pa á. Ta ni ó ń ra àgbàdo àti iṣu lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí ó ń kó o lọ sí Lomé? Ta ni ó ń ti inú èrè ọjà san owó iléèwé? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, obìnrin ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín nìkan kò tó láti fi dá ìwé lóhùn. Àbùkù tó jinlẹ̀ jù ni pé Murdock àti Parsons ka iṣẹ́ ẹbí bí ẹni pé ohun tí a ti pín ti di ṣíṣe. Ẹbí ń tọ́ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni. Bí kò bá tọ́ ọ ńkọ́? Ta ni yóò dé ẹnu ọ̀nà wá béèrè?

Durkheim nìkan ni ó fura sí èyí. Ó rí i pé bí ẹbí ti ń kéré sí i ni Ìjọba ń wọ inú rẹ̀ lọ, tí ohun tí àwọn ìbátan ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀ ń di ohun tí Ìjọba ń ṣọ́. Lójú tirẹ̀, bí ojú kan bá kúrò lára òbí, ojú mìíràn a bọ́ sí ipò rẹ̀. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí ní ilẹ̀ tiwa, ojú kìíní ń kúrò kí ìkejì tó dé.

Òfin wa pàápàá fi ìdàrúdàpọ̀ èdè yìí hàn. Òfin ẹbí tí Tógò ṣe ní 31 oṣù Kìíní 1980 pe ọkọ ní « chef de famille ». Ẹni tó bá túmọ̀ èyí sí olórí ẹbí ti ṣìnà. Olórí ẹbí ni àgbà tí ó dàgbà jù nínú ìdílé, ẹni tí a ń lọ bá kí a tó ta ilẹ̀ tàbí kí a tó fi ọmọ fún ọkọ. Ọkọ tí ó jẹ́ olórí lójú òfin lè jẹ́ àbúrò tí kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹbí bá pé. Òfin 6 oṣù Keje 2012 ti rọ́pò ti 1980, ó sì ti sọ ọdún 18 di ọjọ́ orí ìgbéyàwó fún ọkùnrin àti obìnrin. Síbẹ̀ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ fi ń gba ilé ẹjọ́ àti ọ̀nà tí ó fi ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgbà kò tíì pàdé.

Ilé lójú àwọn ọmọ ilé

Ẹni tí ó bá ti inú ìwé wọ̀nyẹn bọ́ sínú ti N. A. Fádípẹ̀ yóò rò pé òun ti délé. Ní 1939 ni Fádípẹ̀ fi iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá gba oyè ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ó kú ní 1944; 1970 ni a tó tẹ ìwé náà jáde ní Ìbàdàn, The Sociology of the Yoruba. Agbo ilé ni òpó ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ẹbí. Baálé wà níbẹ̀ tí ó ń gbọ́ ẹjọ́, tí ó ń parí ìjà, kí ọ̀rọ̀ tó di ti ìjòyè ìlú. Níhìn-ín ni a ti rí ohun tí Murdock kò kà, èyí tí a lè pè ní iṣẹ́ karùn-ún: bíbi ara ẹni léèrè. Nínú agbo ilé, ẹni tí ó na ọmọ ju bó ti yẹ kò lè sọ pé ọmọ òun ni. Ẹnu ọ̀nà kan ni gbogbo wọn ń gbà wọlé, igbe ọmọ kò sì ṣe é bò. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní ojú méjì ní ń bí ọmọ, igba ojú ní ń tọ́ ọ. Àwa máa ń fa òwe yìí yọ láti fi yin ìfẹ́ tó wà láàárín ìbátan. Ṣùgbọ́n ojú ni òwe náà sọ, kò sọ ọwọ́. Igba ojú tí ó ń tọ́ ọmọ náà ni ó ń ṣọ́ ẹni tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àléébù Fádípẹ̀ ni pé ó sábà máa ń fi ilé hàn wá bí ó ti yẹ kó rí. Ọmọ tí ojú kò tó kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ nínú ìwé náà.

Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú nínú The Invention of Women (1997). Ó ní kí àwọn òyìnbó tó dé, kì í ṣe jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ni ó ń fi ènìyàn sí ipò láàárín Yorùbá, bí kò ṣe ọjọ́ orí àti ìgbà tí ènìyàn wọ inú ilé. Èdè ni ó fi ṣe ẹ̀rí. Ìyàwó ilé ń pe ọmọbìnrin tí a bí sínú ilé ní ọkọ. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò sọ akọ, wọn kò sọ abo. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé ní agbo ilé mọ̀ pé òótọ́ wà nínú èyí, inú wa sì dùn pé ọmọ Yorùbá ni ó gba kálàmù lọ́wọ́ Parsons.

Síbẹ̀ a ní láti bi ìwé yìí náà ní ìbéèrè wa. Bí ìgbà tí ènìyàn wọlé bá ni òṣùwọ̀n ipò, ta ni ó kéyìn nínú gbogbo wọn? Kì í ṣe ìyàwó tuntun, nítorí òun yóò bímọ, yóò sì rí ẹni tí yóò tẹ̀lé e wọlé. Ọmọ tí a mú wá láti ilé mìíràn ni: ó kéré jù, ó wọlé kẹ́yìn, ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bibi Bakare-Yusuf, nígbà tí ó ń dá Oyěwùmí lóhùn ní 2003, ní a kò lè ti inú ohun tí èdè sọ nìkan mọ ohun tí agbára ń ṣe láàárín àwọn ènìyàn. A fara mọ́ ọn. Èdè wa pe ọmọ tí a bí ní ọmọ, ó pe èyí tí a gbà tọ́ ní ọmọ, ó sì pe ìránṣẹ́ ní ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni ó bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwo oúnjẹ àti àpò ìwé ni yóò fi ìyàtọ̀ hàn.

Ọmọ tí a gbé fún ni tọ́

Ó ṣòro láti rí ilé ní agbègbè wa tí kò gba ọmọ ẹlòmíràn rí tàbí tí kò gbé tirẹ̀ fún ni. Nígbà mìíràn iléèwé ló jìnnà sí oko. Nígbà mìíràn ìyá àgbà nílò ẹni tí yóò máa bá a pọnmi. Nígbà mìíràn iṣẹ́ ọwọ́ ni ọmọ fẹ́ kọ́, tàbí ikú ló mú òbí rẹ̀ lọ. Faransé ń pè é ní « confiage ». Ọ̀nà àtijọ́ ni, kì í sì í ṣe ohun ìtìjú.

Esther Goody, tí ó ṣe ìwádìí láàárín àwọn Gonja ní àríwá Gánà, tú iṣẹ́ òbí palẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1982, Parenthood and Social Reproduction. Ó pín in sí márùn-ún: bíbí ọmọ, fífún un ní orúkọ àti ìdílé, bíbọ́ ọ àti títọ́jú rẹ̀, kíkọ́ ọ ní iṣẹ́ àti ìwà, àti dídúró tì í títí yóò fi di ẹni ara rẹ̀ láàárín àgbà. Ó ní ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò pọn dandan kí ẹnì kan náà ṣe gbogbo rẹ̀. Ó tún tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ wa ti ń gbé ọmọ fún àwọn ìdílé òyìnbó tọ́. Níbẹ̀ àìgbọ́ra-ẹni-yé ṣẹlẹ̀: àwọn òbí gbà pé àwọn kàn pín iṣẹ́ òbí ni, àwọn kan nínú àwọn tó gba ọmọ sì gbà pé ọmọ ti di tàwọn. Nítòsí wa, ní Sokodé, lójú ọ̀nà ńlá kan náà tó gba Atakpamé kọjá sí àríwá, Suzanne Lallemand ṣe ìwádìí láàárín àwọn Kotokoli. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1994 fi hàn pé gbígbé ọmọ fún ni àti ìgbéyàwó jọ ń rìn pọ̀. Méjèèjì ń so ilé mọ́ ilé.

Ìwé méjèèjì yìí ran òye wa lọ́wọ́ ju ti Parsons lọ. Láti inú wọn a lè rí ohun tí ó ń dáàbò bo ọmọ tí a gbé fún ni. Kì í ṣe inú rere ẹni tí ó gbà á nìkan. Àjọṣe ilé méjì ni. Bí ilé kejì bá ṣe ọmọ níkà, ilé kìíní yóò gbọ́. Àna yóò bínú. Ọ̀rọ̀ yóò di ìpàdé. Ẹni tí ó gba ọmọ ní ohun tí yóò pàdánù.

Ìwọ̀fà àti ọmọ kẹ̀kẹ́

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀nà náà gùn? Ní oṣù Kẹrin 2003, àjọ Human Rights Watch tẹ ìwádìí kan jáde lórí òwò ọmọ ní Tógò, Borderline Slavery. Ó sọ nípa àwọn ọmọbìnrin tí a kó lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí kí wọ́n máa kiri ọjà ní Lomé, ní Bẹ̀nẹ̀, ní Nàìjíríà àti ní Gàbọ́ọ̀nù, àti nípa àwọn ọmọkùnrin tí a kó lọ sí oko ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Àwọn ọmọkùnrin kan ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀, òmíràn ju ọdún kan lọ. Nígbà tí ó parí, a fún wọn ní kẹ̀kẹ́, a ní kí wọ́n gùn ún padà sí Tógò. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ti kú wà lára àwọn tí ewu yìí sún mọ́ jù. Ẹni tó sì wá mú ọmọ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ àjèjì; nígbà mìíràn ojúlùmọ̀ ni, nígbà mìíràn ìbátan.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá lọ́nà tí kò lè gbà dun àwọn tó kọ ìwádìí náà. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ni ilẹ̀ Yorùbá. Àwa Ifẹ̀ ti Tógò, Ilé-Ifẹ̀ ni a ń pè ní orírun wa. Ọmọ tí ó ti ibí lọ síbẹ̀ kò lọ sílẹ̀ àjèjì pátápátá lójú ìyá rẹ̀. Èdè wọn sún mọ́ tiwa, wọ́n sì ń lo ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ bí àwa náà ti ń lò ó. Ohun tí alárinà gùn gorí rẹ̀ gan-an nìyí. Ó fi ọ̀rọ̀ ẹbí bá ẹbí sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹbí kọjá ẹnubodè, ṣùgbọ́n ìbéèrè ẹbí kò lè kọjá.

Àwọn kan yóò ní àṣà wa ni ó bí òwò yìí. Kí wọ́n ka Samuel Johnson lórí ìwọ̀fà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ parí ní 1897, tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ìwọ̀fà ń fi iṣẹ́ ṣe èlé owó tí a yá. Ṣùgbọ́n ọmọ bíbí inú ilé ni, kì í ṣe ẹrú. Iye owó náà hàn, ọjọ́ tí a bá san án ni yóò padà sílé. Onígbọ̀wọ́ sì ń dúró láàárín ẹni tó yáni lówó àti ẹni tó yá a. A kò sọ pé ìwọ̀fà dára. Ọmọ tí a fi ṣe ìwọ̀fà ń san gbèsè tí kò jẹ, inú wa sì dùn pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ọmọ kẹ̀kẹ́ kò tilẹ̀ ní tó ohun tí ìwọ̀fà ní. Kò sí ẹni tó mọ iye tí iṣẹ́ rẹ̀ ń san. Kò sí ọjọ́ ìpadà. Kò sí onígbọ̀wọ́. Ó mú orúkọ ọmọ ẹbí lọ, ó fi ẹ̀tọ́ ọmọ ẹbí sílẹ̀.

Ojú kan lọ, ìkejì kò tíì dé

A wá lè padà sọ́dọ̀ Durkheim. Ìjọba kò dákẹ́. Nàìjíríà ṣe òfin lórí kíkó ènìyàn ṣòwò ní 2003. Tógò ṣe tirẹ̀ lórí òwò ọmọ ní 3 oṣù Kẹjọ 2005, ó sì ṣe òfin ọmọdé ní 2007. Òfin wà. Ṣùgbọ́n ojú Ìjọba kò tó oko tó wà lẹ́yìn odò; kò lè mọ ọmọ tí kò ní ìwé ìbí; kò lè mọ̀ bóyá ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn tó lè mọ̀ ni àwọn tó wà nílé. Durkheim rò pé bí agbo ńlá bá tú, Ìjọba yóò ti dúró sí ipò rẹ̀. Láàárín wa, alárinà ni ó kọ́kọ́ dúró sí àlàfo náà.

Nítorí náà, ìdáhùn rírọrùn méjì ni a kọ̀. Èkíní ni ti àwọn tó ní kí olúkúlùkù di ọmọ tirẹ̀ mú nínú yàrá méjì, gẹ́gẹ́ bí ìwé Parsons. Ẹni tó bá wí bẹ́ẹ̀ kò tíì rò ó fún ọmọ òrukàn, tàbí fún abúlé tí kò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìlẹ̀kùn tó pa mọ́ lórí bàbá, ìyá àti ọmọ náà lè bo ìyà mọ́lẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbọ́ igbe. Èkejì ni ti àwọn tó ń kọrin ìyìn ilé àtijọ́ nínú àpérò, tí wọ́n ń sọ pé Áfíríkà kò mọ ọmọ aláìníbátan. Ìyìn yẹn ń ṣe alárinà láǹfààní. Òun náà a máa sọ ọ́ nígbà tí ó bá wá mú ọmọ.

Ohun tí a rí kọ́ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí ni pé ipò nínú ẹbí kì í ṣe orúkọ tí a ń jẹ́. Bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, alágbàtọ́: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di òótọ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá wà tó lè pe ẹni tó ń jẹ́ ẹ kó wá ṣàlàyé. Níbi tí ìpè yẹn kò bá dé, ẹbí kò dé ibẹ̀, bí ìbátan tilẹ̀ dé ibẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fún àwọn onímọ̀ nìkan. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, nígbà ọdún iṣu, àwọn ọmọ ilé ń ti Lomé, Cotonou àti Nàìjíríà wá sílé, ẹbí a sì pé. Wọ́n a gbọ́ ti ilẹ̀, wọ́n a gbọ́ ti ìsìnkú, wọ́n a dá owó. A dábàá pé kí ìbéèrè kan wọ inú ìpàdé náà, kí a sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ẹbí: àwọn ọmọ wa wo ni kò sí nílé? Ọ̀dọ̀ ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, ní ìlú wo? Ṣé ó ń lọ sí iléèwé tàbí ó ń kọ́ṣẹ́, ìgbà wo ni yóò parí? Ta ni nínú wa ló fi ojú ara rẹ̀ rí i láàárín ọdún yìí? Ta ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀? Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá jáde tí gbogbo ènìyàn sì dákẹ́, òun ni kí a kọ́kọ́ rán ènìyàn lọ wò, kí ìpàdé tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀.